Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù náà ń ṣẹ́ egungun

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, àti àwọn tó ń tọ́jú wọn, ló gbà pé bí ṣúgà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ tó ni ara ṣe ń le tó. Tí ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá gbé 180 (mg/dL) jáde, ojú gbogbo wọn á fà ro. Tó bá gbé 62 jáde, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín o. Fún ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ohun tó wà nísàlẹ̀ 70 ti kéré jù, èyí tó bá sì já sísàlẹ̀ 54, ewu ńlá ni.

Mi ò sọ pé ṣúgà tó ga ò burú. Ó ń ba ojú jẹ́, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń sọ ẹsẹ̀ di kíkú. Ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ló fi ń ṣe gbogbo ìyẹn. Èyí tó já wálẹ̀ lójijì kì í fúnni ní àyè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àgbàlagbà kan tó gún ínsúlíìnì rẹ̀ lálẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ tí oúnjẹ ò wù ú jẹ. Ní aago méjì òru, òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, orí rẹ̀ ò pé bọ̀rọ̀ mọ́. Ó dìde, ó fẹ́ lọ tọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ tó ti kú ò jẹ́ kó mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀, ojú náà ń ṣe bàìbàì. Ó ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Nílé ìwòsàn, "egungun ṣẹ́" ni wọ́n máa kọ. Tí kò bá sẹ́ni tó tètè wọn ṣúgà rẹ̀ lórí ìdúró, ohun tó gbé e ṣubú gan-an lè má dé inú ìwé láé.

Ibẹ̀ ni owó ń gbà lọ tí àwọn èèyàn ò fi rí i. Wọ́n rò pé oògùn àtọ̀gbẹ ló ń jẹ owó jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbógun ti àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ṣírò owó ìtọ́jú ọdún 2017, oògùn tó ń sọ ṣúgà kalẹ̀ àti ohun èlò rẹ̀ gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibùsùn ilé ìwòsàn nìkan gba ìdá 30.

Ta ló sì ń wọ ilé ìwòsàn? Ní 2011, Daniel Budnitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, wo àwọn ẹni ọdún 65 sókè tí oògùn ṣe ní jàǹbá débi tí wọ́n fi dá wọn dúró sílé ìwòsàn ní pàjáwìrì. Ínsúlíìnì ló fa nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, oògùn oníhóró tó ń sọ ṣúgà kalẹ̀ fa nǹkan bí ìdá 11. Kasia Lipska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà yẹ àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà láti 1999 sí 2011 wò: àwọn tí ṣúgà gíga gbé wọ ilé ìwòsàn ń dín kù, àwọn tí ṣúgà tó já gbé wọlé ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi pọ̀ ju ti gíga lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ìwádìí kan lórí àwọn awakọ̀ tó ní àtọ̀gbẹ ní Ontario, ní Kánádà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009. Àwọn tó ní jàǹbá ọkọ̀ ní HbA1c (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn) tó jẹ́ 7.4 ní ìpíndọ́gba, nígbà tí tàwọn tí kò ní jàǹbá jẹ́ 7.9. Àwọn tí èsì wọn "dáa jù" ló forí gbá nǹkan. Èèyàn 795 péré ni o, mi ò ní gbé gbogbo ẹjọ́ lé e lórí. Àmọ́ ìwádìí ACCORD, tó pín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ sí apá méjì, tóbi jù ú lọ dáadáa, ó lé ní 10,000 èèyàn. Ní 2008 ni wọ́n dá apá tó ń fipá fa ṣúgà wálẹ̀ dúró, torí èèyàn 257 ló kú níbẹ̀, 203 ló sì kú lápá kejì tí wọn ò ti fipá fà á wálẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tìtorí èyí já oògùn sílẹ̀ o. Ẹ bi dókítà yín pé iye wo gan-an ló yẹ kí HbA1c yín jẹ́. Fún àgbàlagbà tí àìsàn pọ̀ lára rẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ 8 ti tó. Ẹ bi í bóyá oògùn yín wà lára àwọn tó ń já ṣúgà, bíi ínsúlíìnì àti glibenclamide. Tó bá jẹ́ metformin nìkan lèèyàn ń lò, kì í sábà já ṣúgà. Bó bá já, tí ẹni náà ṣì lè gbé nǹkan mì, gíráàmù 15 glúkóòsì ni kó mu, kó sì tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi propranolol ní láti túbọ̀ kíyè sára, torí ó lè bo ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti àyà tó ń lù kìkì mọ́lẹ̀, kó wá jẹ́ òógùn nìkan ló máa kù láti ta á lólobó.