Ẹ̀yìn Ni Wọ́n Ń Kọ sí Omi

Ẹ má wulẹ̀ bi ẹni tó lọ wo òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi lópin ọ̀sẹ̀ léèrè bóyá ó lọ. Kílẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, fọ́tò rẹ̀ á ti gba gbogbo ojú fóònù yín. Nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ló kọ sí omi.

Odindi ìrìn àjò, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí nínú mọ́tò, ẹrẹ̀ dé orúnkún, nítorí àtilọ kẹ̀yìn sí nǹkan! Ṣé kò sí ohun tí èèyàn lè kẹ̀yìn sí nílé ni?

Wọ́n á tò sẹ́bàá àpáta kan ṣoṣo, torí ibẹ̀ ni wọ́n ní fọ́tò ti ń dára. Ẹni tó kàn á bọ́ bàtà, á na apá méjèèjì, á gbójú sókè, á ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni Ọlọ́run dá. Àwọn tó ń dúró dè é ń pòṣé. "Tún un yà, ikùn mi yọ." Wọ́n tún un yà. "Mo ṣẹ́jú." Wọ́n tún un yà. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tẹjú mọ́ fóònù, ó ní, "Háà, omi yìí mà rẹwà o!" Omi ọ̀hún ń hó yéè lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò, ó kọ ọ́ pé òun wá fi ariwo ìgboro sílẹ̀. Ẹ̀rọ olórin tó gbé wá sì ń dún gbàgàgbàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹjọ́ wọn nìkan kọ́ o. Omi náà ti gbọ́n. Níbi òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Niagara, àdéhùn tí Amẹ́ríkà àti Kánádà ṣe lọ́dún 1950 ló ń pàṣẹ fún omi. Lọ́sàn-án, lásìkò tí àlejò ń wá, kò gbọdọ̀ dín ní nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 2.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àlejò bá ti lọ sùn, wọ́n lè gé e sí ìdajì, kí wọ́n fi ìyókù ṣe iná mànàmáná. Ta ló ń wò ó lóru?

Ti Yuntai ní Ṣáínà tún wá ju ti ibẹ̀ lọ. Omi tó ga ní mítà 314 ni. Lọ́dún 2024, ẹnì kan gun òkè dé ibi tó ti ń sun, páìpù ló bá níbẹ̀. Àwọn alábòójútó fèsì bí ẹni pé omi fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lòun kàn tún ara ṣe díẹ̀, kóun lè dùn-ún wò lójú àlejò. Ni ariwo bá ta. Àwọn tó ń fi fóònù dán ojú ara wọn kí wọ́n tó gbé fọ́tò jáde ló wá ń bínú pé omi purọ́!

Ẹni tó bá fẹ́ omi tí kò tún ara ṣe, kó lọ wò ó láàárín òjò, kó sì jìnnà sí etí rẹ̀. Omi á kún, á pọ́n kankan, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni lórí àpáta. Omi pípọ́n kì í bá aṣọ mu nínú fọ́tò.