Bí Ọkà Bàbà Bá Di Oògùn, Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Ní àwọn ilẹ̀ olóoru tí òjò kì í pọ̀, ọkà bàbà ló máa ń dúró ti àgbẹ̀ nígbà tí ọ̀dá bá ti pa àwọn irè oko yòókù. Síbẹ̀, àbùkù kan wà lára rẹ̀. Kafirin, tí í ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀, kì í tètè dà nínú ikùn, pàápàá tí a bá ti fi omi sè é. Àbùkù yìí gan-an ló ń wu àwọn onímọ̀ tó ń wá ọ̀nà láti gbé oògùn wọ inú ara, nítorí pé ohun tí ikùn kò tètè dà lè bo oògùn mọ́lẹ̀ títí yóò fi dé ìfun.

Ìṣòro tí wọ́n ń bá yí kì í ṣe kékeré. Láti 1922 tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ínsúlíìnì tọ́jú alárùn àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn fi ń gbà á, torí pé amúaradàgbà ni òun náà; ẹni tó bá gbé e mì, ikùn rẹ̀ yóò dà á bí ẹ̀wà. Ní ti àrùn jẹjẹrẹ, ọ̀nà ti là díẹ̀: ní 2005, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn Abraxane, èyí tó fi albumin, amúaradàgbà kan inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, gbé paclitaxel tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, dípò kẹ́míkà tí wọ́n fi ń yọ́ ọ tẹ́lẹ̀ tí ara àwọn aláìsàn kan kì í gbà. Kafirin kò tí ì dé ìpele yẹn o. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, ti fi ṣe hóró tíntìntín tó lè gbé èròjà mìíràn pamọ́ sínú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn kó tó dé ọwọ́ apoògùn.

Bó ti jìn tó yìí ni a ṣe fẹ́ kí àwọn ìjọba tètè sọ̀rọ̀. Láti 1972 ni ilé ìwádìí ICRISAT, tó wà ní Patancheru lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hyderabad, ní Íńdíà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí irè oko ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì ní ju 100,000 oríṣi irúgbìn lọ ní ìpamọ́, tí púpọ̀ nínú wọn ti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wá. Ilé ìwádìí yìí wà lára àwọn tó mú kí àgbẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger máa fi ìdérí ìgò wọn ajílẹ̀ sí ihò tí wọ́n gbin jéró sí, dípò kí wọ́n fọ́n ọn káàkiri oko. Kò sí ẹni tó ń san owó kí ó tó lo ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba àṣẹ oníhun (patent) lé e lórí ló ni ín.

Àdéhùn àgbáyé lórí irúgbìn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2001, kan ọkà bàbà, ṣùgbọ́n ìwádìí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni ó fàyè gbà. Kò ka oògùn mọ́ ọn. Àdéhùn Nagoya ti 2010, èyí tó dá lórí lílo àbùdá ohun alààyè bí ewéko àti ẹranko, sọ̀rọ̀ pínpín èrè, àmọ́ ọwọ́ àwọn tó jọ ń dúnàádúrà ni ó fi iye rẹ̀ sí. Ẹni tó bá sì ra ọkà bàbà ní ọjà láti yọ kafirin inú rẹ̀, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó lè mú un pín èrè rẹ̀. Nítorí náà, owó ìwádìí tí ìjọba ń san ni okùn tó ṣì wà lọ́wọ́ ará ìlú.

Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ìjọba má ṣe fi owó sí irú ìwádìí yìí láìkọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpín kan nínú èrè oògùn yóò padà sí ilé ìpamọ́ irúgbìn àti sí iṣẹ́ àwọn tó ń mú irúgbìn dára sí i. Àwọn kan yóò ní èyí yóò lé olówó sá. A kò gbà, nítorí pé nígbà tí èrè kò tí ì sí ni pínpín rẹ̀ rọrùn jù. Kí wọ́n sì tọ́jú àwọn oríṣi àtijọ́ tí kafirin wọn le, nítorí pé bí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti ń wá ọkà bàbà tó tètè ń dà, tó sì tọ́ fún ẹni tí ebi ń pa, bẹ́ẹ̀ ni oríṣi tí àwọn onímọ̀ oògùn nílò lè máa dín kù nínú oko.