Kíkó kúrò ní Múṣín nìkan kọ́

Gbogbo ìgbà ni mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwa ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ l'Ékòó: "Bí mo bá ṣáà ti lè kó kúrò ní Múṣín yìí, màá ráyè sún mọ́ Ọlọ́run." Wọ́n á ní ariwo ti pọ̀ jù, èéfín igbó ò jẹ́ kéèyàn gbàdúrà, tẹ́tẹ́ sì ni àwọn ọmọ àdúgbò ń ta ṣúlẹ̀. Mi ò ní jiyàn. Àdúgbò a máa ran èèyàn. Lọ́ọ̀tì kọ́kọ́ pàgọ́ sí apá Sódómù ni, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 13. Nígbà tó fi máa di orí 19, ẹnubodè ìlú yẹn gan-an ló jókòó sí.

Àmọ́ ta lẹ máa bá níbi tẹ́ ẹ̀ ń kó lọ? Mo mọ àwọn tó ti kó lọ sí Àjàh, inú ẹ́sítéètì tó ní géètì àti ọlọ́dẹ. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́ lóòótọ́. Ó pa rọ́rọ́ débi pé bí ẹnì kan ò bá dé ṣọ́ọ̀ṣì fóṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa fura. Ìkẹjà ni wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ìdájí ni wọ́n ti ń jáde, wọ́n á wá há sórí afárá Third Mainland tòun ti gígùn rẹ̀ tó ju kìlómítà 10 lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń wọkọ̀ lọ, tí wọ́n jọ ń wọkọ̀ bọ̀, làwọn ẹgbẹ́ wọn báyìí. Òfófó ọ̀gá, ilẹ̀ tí lágbájá rà, àlè tí tàmẹ̀dù ní. Ìwàásù wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú fẹ́ bá ìyẹn figagbága? Áà.

Ní Múṣín tí wọ́n ń sá fún, ìyá kan wà nínú ìpàdé àdúrà wa. Bó ò bá wá lọ́sẹ̀ yìí, á kan ìlẹ̀kùn ẹ lálẹ́ ọjọ́ kejì, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, gèlè ò ní sí lórí ẹ̀: "Ṣé ara ẹ le ṣá? Mi ò rí ẹ o." Tó o bá purọ́, á mọ̀. Kódà Alhaji tó ń gbé yàrá ọ̀ọ́kán mi wúlò fún mi. Bó bá ti gbé kẹ́tù àlùwàlá ẹ̀ kalẹ̀ gbàgà nítòsí kànga láti kírun àsùbáà, ojú máa ń tì mí láti sùn padà. Mo ń fi ìyẹn ṣí Bíbélì.

Ẹnì kan ti sọ fún mi pé Dáníẹ́lì dá dúró ní Bábílónì. Dá dúró kẹ̀? Nígbà tí Nebukadinésárì ní kí wọ́n pa gbogbo amòye, ẹ ka orí kejì: ilé ló lọ, ó sọ fún Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Asaráyà, pé kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run. Ó ní ẹni tó lè sọ fún. Ṣé àwa náà ní?

Ẹni tó bá rówó kó, kó kó o jàre. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, èmi náà ò kórìíra iná tí kì í ṣẹ́jú. Kó ṣáà wá ẹni méjì tó lè kan ìlẹ̀kùn ẹ̀ lóru láìpè tẹ́lẹ̀, kó tó fún àjẹ́ǹtì lówó.