Alùpùpù Kékeré Kò Ní Kí Ewu Rẹ̀ Kéré: Ọ̀rọ̀ Fẹ́sípà Àháyà ní Thailand

Èrò kan ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀ láàárín àwọn ará wa tó ń lọ gbafẹ́ ní Thailand, yálà Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti gbéra ni tàbí Èkó. Wọ́n gbà pé fẹ́sípà kékeré tí wọ́n ń háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ní Phuket tàbí Chiang Mai kò yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n de ẹ́ńjìnnì mọ́, pé ẹni tó bá ti mọ mọ́tò wà tàbí tó ti gun ọ̀kadà rí kò nílò ohun mìíràn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sáré, kò sí ohun tí yóò ṣe é. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóye èèyàn tí wọn kò jẹ́ jókòó sínú mọ́tò láìde bẹ́líìtì ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń tàn wọ́n kò ṣòroó rí. Bí èèyàn bá dúró lẹ́bàá títì níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, yóò rí ìyá àgbà tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú alùpùpù, yóò rí ọmọ iléèwé mẹ́ta lórí ẹyọ kan, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n irú àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ yìí gan-an ló ń kú jù. Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nínú 100,000 èèyàn, 32.7 ni ìjàǹbá ojú títì pa ní Thailand ní ọdún 2016. Ti Nàìjíríà, tí a máa ń bú títì rẹ̀ tọ̀sán-tòru, jẹ́ 21.4, ti Bìrìtéènì sì jẹ́ 3.1. Nínú àwọn tó kú ní Thailand, ìdá 74 nínú 100 ló jẹ́ àwọn tó wà lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ọmọ onílẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìbàlẹ̀ ọkàn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà náà kò léwu. Ó ti mọ́ ọn lára ni, kò sì ní ọkọ̀ mìíràn tí yóò gùn.

Ní ti pé ẹni tí kò bá sáré kò ní í fara pa, wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́. Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì University of Southern California ṣe àyẹ̀wò ìjàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní ọdún 1981. Ìdajì àwọn tó ní ìjàǹbá náà kò sáré tó kìlómítà 48 ní wákàtí kan kí ewu tó yọjú, ìdajì kò sì sáré ju bíi kìlómítà 35 lọ nígbà tí wọ́n forí sọ nǹkan. Fẹ́sípà àháyà tí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 125cc lè sá ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ láìmí gúlegúle. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun mìíràn tí wọ́n rí ló yẹ kí ó kó ìrònú bá àlejò: ìdá 92 nínú 100 àwọn tó ní ìjàǹbá ló jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún, tàbí pé ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló kọ́ wọn, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù tí wọ́n fi ṣubú. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ kò tíì lo wákàtí kan. Nígbà tí Vira Kasantikul ti yunifásítì Chulalongkorn darí irú ìwádìí kan náà ní Thailand, lórí ìjàǹbá tó ju 1,000 lọ, àìgba ẹ̀kọ́ náà ló tún yọjú, ọtí sì dúró tì í.

Àwọn tó ti gun ọ̀kadà nílé máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n, ọ̀nà tó gbà kàn wọ́n nìkan ló yàtọ̀. Lórí Bajaj tó wọ́pọ̀ lójú títì wa, ọwọ́ òsì ló ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ òsì ló ń yí jíà, bíréèkì ẹ̀yìn sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fẹ́sípà àháyà kò ní kílọ́ọ̀ṣì, kò sì ní jíà tí ẹsẹ̀ ń yí. Ọwọ́ ni bíréèkì méjèèjì wà, ti ẹ̀yìn ní òsì, ti iwájú ní ọ̀tún. Bí ajá bá já lu títì lójijì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni tó ti gun ọ̀kadà láti ọjọ́ pípẹ́ yóò wá bíréèkì lọ síbi tí kò sí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yóò sì fún bíréèkì iwájú pinpin. Bí táyà iwájú bá wà lórí yanrìn tàbí lórí títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, yóò yọ̀, alùpùpù yóò sì gbé e ṣánlẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ti ẹni tí kò gùn rí tún yàtọ̀: ẹ̀rù bà á, ó fi ọwọ́ méjèèjì di alùpùpù mú gírígírí, bó sì ti ń fà á mọ́ra ló tún ń fún un níná sí i, nítorí ọwọ́ ọ̀tún kan náà ló ń yí iná.

Apá òsì títì sì ni wọ́n ń gbà ní Thailand, bẹ́ẹ̀ Nàìjíríà ti fi apá òsì sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ará Lọ́ńdọ̀nù kò ní ìṣòro yẹn níbẹ̀, àfi bí ó bá kọjá sí Vietnam, níbi tí wọ́n ti ń gba apá ọ̀tún.

Ọ̀nà 1095 tó lọ láti Chiang Mai sí Pai ní kọ́nà 762, wọ́n tilẹ̀ ń tẹ iye náà sára ẹ̀wù tà fún àlejò. Kì í ya ará Pai lẹ́nu mọ́ láti rí àlejò tó fi báńdéèjì di orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́. Àpá iná sálẹ́ńsà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, èyí tí àwọn èrò ọ̀kadà nílé mọ̀ dáadáa, pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn òyìnbó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ti orí ni kò gba yẹ̀yẹ́. Àkójọ ìwádìí fi hàn pé akoto ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Síbẹ̀ akoto tí wọ́n ń fún àlejò pẹ̀lú alùpùpù lè jẹ́ èyí tó fẹ́lẹ́ bí igbá, tí okùn rẹ̀ kò sì mú àgbọ̀n. Ní erékùṣù kékeré bíi Ko Tao, kò sí ọsíbítù ńlá. Ẹni tó bá fara pa gidi, inú ọkọ̀ ojú omi ni yóò bá dé Ko Samui, erékùṣù tó tóbi jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo tilẹ̀ rò pé ó burú jù, nítorí ibẹ̀ ni èrò “kékeré ni” ti ń jẹ àwọn èèyàn lówó tí wọn kò ní. Ẹni tó ń háyà alùpùpù kì í sábà béèrè láísẹ́ǹsì, àlejò a sì rò pé òfin ti fàyè gba òun nìyẹn. Owó ni ọlọ́jà ń wá. Kì í ṣe òun ló ń fúnni ní àṣẹ. Lójú òfin, alùpùpù ni fẹ́sípà 125. Ní Nàìjíríà, ìsọ̀rí A ni alùpùpù wà lórí láísẹ́ǹsì, B sì ni mọ́tò. Ní Bìrìtéènì, ẹni tó gba láísẹ́ǹsì mọ́tò láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2001 kò gbọ́dọ̀ gun èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 50 pàápàá láìgba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ alùpùpù tí wọ́n ń pè ní CBT, ìwé ẹ̀rí CBT náà kò sì ṣiṣẹ́ kọjá ẹnu ibodè wọn. Àwọn kan yóò ní àwọn ti gba ìwé ìwakọ̀ àgbáyé. Ẹ ṣí ìwé náà wò: ìsọ̀rí tí láísẹ́ǹsì ilé bá ní nìkan ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Bí òǹtẹ̀ bá wà ní B tí kò sí ní A, mọ́tò nìkan ni ìwé náà wà fún. Rìsíìtì owó ìtanràn tí ọlọ́pàá já fúnni kò sì sọ ẹnikẹ́ni di oníláísẹ́ǹsì.

Ibẹ̀ ni adójútòfò ìrìn-àjò ti ń wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn wọn, wọn kì í sanwó ìtọ́jú ẹni tó gun alùpùpù tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò bò, tàbí tí kò dé akoto, tàbí tó ti mutí. Àwọn mìíràn yọ alùpùpù kúrò pátápátá. Àwọn tó sì gbà á, ara ẹni tó gùn ún ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú, kì í ṣe ara ẹni tó kọ lù. Adójútòfò tí òfin Thailand fi dandan lé alùpùpù kéré sí owó ọsíbítù àdáni ní ìlú wọn, kò sì kan àtúnṣe alùpùpù rárá. Owó àtúnṣe yẹn ló máa ń di ariwo, pàápàá bí àlejò bá ti fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dógò, ohun tí ìjọba Bìrìtéènì ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún, kí ó gba ìsọ̀rí A nílé, kí ó sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ bóyá wọ́n gba alùpùpù 125 ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ, kí wọ́n sì fi ìwé dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ní àwọn kò gbà á, songthaew pupa, ìyẹn ọkọ̀ akérò wọn, ń ná gbogbo àárín Chiang Mai, ọkọ̀ Grab tí wọ́n ń fi fóònù pè sì wà ní Phuket.