Ọlọ́pàá ní géètì sùkúù kọ́ ló ń dáàbò bo ọmọ

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti jí ọmọ iléèwé gbé lókè Ọya níbí, ọ̀rọ̀ kan náà làwa Yorùbá tó wà l'Abuja máa ń sọ, ì báà jẹ́ ní Kubwa, ní Lugbe, ní Nyanya: kí ìjọba gbé ọlọ́pàá sí gbogbo sùkúù, kó tán síbẹ̀. Ẹlòmíì á ní ṣebí bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Amẹ́ríkà nìyẹn. Ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba èmi náà, mo lọ́mọ ní JS 2, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ́ ká máa náwó síbi tí kò yẹ ká ná an sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Ní Kankara, ní Katsina, 11 December 2020, àwọn agbébọn ya wọ sùkúù àwọn ọmọkùnrin lálẹ́, wọ́n kó ọmọ tó lé ní 300 lọ. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀ o. Wọ́n kojú wọn, ìgbà tíbọn ń dún lọ́wọ́ làwọn ọmọ kan ráyè fo fẹ́ǹsì sá lọ, a ò gbọdọ̀ fi ìyẹn dù wọ́n. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ọmọ tó lé ní 300 ṣì lọ. Nígbà tó di 17 June 2021, ó kan FGC Birnin Yauri ní Kebbi, ọlọ́pàá ń ṣọ́ ibẹ̀ náà, wọ́n pa ọ̀kan nínú wọn, wọ́n já géètì wọlé, wọ́n kó àwọn ọmọ àti tísà wọn lọ.

Ẹ lè ní ọlọ́pàá ò tó, kí wọ́n gbé sójà wá. Ó dáa, Afaka ní Kaduna ńkọ́? Sùkúù tí wọ́n ti kó ọmọ 39 lọ ní 11 March 2021, NDA ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀gá sójà. August ọdún yẹn kan náà, wọ́n wọ inú NDA gan-an, wọ́n pa ọ̀gá sójà méjì, wọ́n gbé ẹnì kan lọ. Kí wá ni ọlọ́pàá méjì tó ní ìbọn kọ̀ọ̀kan fẹ́ ṣe? Àwọn tó ń wá yìí kì í wá ní méjì mẹ́ta, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn rẹpẹtẹ, wọ́n á ti ní ẹni tó ń ta wọ́n lólobó, ọlọ́pàá tó bá sì ń jókòó sójú kan náà lójoojúmọ́, gbogbo àdúgbò ló mọ ìgbà tó ń lọ jẹun.

Ká wá dé Amẹ́ríkà tí gbogbo èèyàn fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n ti gbé ọlọ́pàá sí sùkúù ní Flint, ní Michigan, pé káwọn ọmọ àti ọlọ́pàá lè mọwọ́ ara wọn. Ó wá gbilẹ̀ gan-an lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Columbine, sùkúù kan ní Colorado, ní 1999, nígbà tí ọmọ sùkúù méjì yìnbọn pa ọmọ 12 àti tísà 1. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé Columbine ní ọlọ́pàá tiẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì yìnbọn sí wọn, kò bà wọ́n. Parkland ní Florida, 14 February 2018, ọlọ́pàá sùkúù wà níbẹ̀ tìbọn tìbọn, ìta ló dúró sí, èèyàn 17 kú. Uvalde ní Texas, 24 May 2022, agbófinró 376 ló débẹ̀, ìṣẹ́jú 77 kọjá kí wọ́n tó wọ kíláàsì lọ bá ọmọkùnrin tó ń yìnbọn yẹn, ọmọ 19 àti tísà 2 ló kú.

Ẹ má sì rò pé ibi tó burú nìkan ni mo ṣà. Ní 2021 àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú JAMA Network Open, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣègùn l'Amẹ́ríkà, ìṣẹ̀lẹ̀ ìbọn ní sùkúù 133 ni wọ́n yẹ̀ wò, láti 1980 sí 2019. Níbi tí gáàdì tó gbébọn wà, iye tó kú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ibi tí kò sí. Mi ò sọ pé gáàdì ló pa wọ́n o, ohun tí mo ń sọ ni pé a retí kí iye tó kú dín kù, kò dín kù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń yìnbọn ní sùkúù l'Amẹ́ríkà, ọmọ sùkúù yẹn náà ni, ó mọ ibi tí ọlọ́pàá wà, ó sì ti múra ikú wá látilé, kí lẹ máa fi dẹ́rù bà á?

Ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí jù rèé. Ajínigbé kì í wá lójoojúmọ́, ọlọ́pàá á sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ wa ló máa wá rí mú. Ní sùkúù Spring Valley, ní South Carolina l'Amẹ́ríkà, October 2015, ọmọbìnrin kan ò gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kó jáde ní kíláàsì, kò jáde, wọ́n bá ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá sùkúù, ni ìyẹn bá dojú ọmọ náà dé tòun tàga, ó wọ́ ọ nílẹ̀ tuurutu. Wọ́n mú ọmọbìnrin náà àti ọmọ kíláàsì ẹ̀ tó ń pariwo pé kí ló dé. Lóòótọ́ wọ́n lé ọlọ́pàá yẹn níṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ fóònù lásán ni o, ọ̀rọ̀ tí tísà àti ìyá ọmọ lè yanjú.

Ẹ má ní ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ níbí. Ọmọ aládùúgbò wa kan bá ẹnìkejì ẹ̀ jà ní SS 1, tísà pe ọlọ́pàá. Ilẹ̀ ti ṣú kí ìyá ẹ̀ tó rí i, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ló jókòó sí lẹ́yìn káńtà, kò wọ bàtà, wọ́n ti gba bẹ́líìtì ẹ̀, wọ́n sì gbowó lọ́wọ́ ìyá kí wọ́n tó jẹ́ kó mú un lọ. Béèlì, ọ̀fẹ́ ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 tó ń ṣiṣẹ́ l'Abuja níbí sì sọ pé ọmọ tí kò tíì pé 18, a kì í fi ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń ṣe fágbà kàn án, ó ní ọ̀nà tiẹ̀. Láti ọjọ́ náà ọmọ yẹn kì í bá tísà kankan sọ nǹkan mọ́.

Ibẹ̀ gan-an lewu wà, torí ẹnu àwọn ọmọ la ti ń gbọ́ ewu kó tó dé. Secret Service Amẹ́ríkà, àwọn agbófinró tó ń ṣọ́ ààrẹ wọn, yẹ ètò ìpànìyàn 67 wò tí wọ́n dá dúró kó tó ṣẹlẹ̀ ní sùkúù wọn, ìwé yẹn jáde ní 2021, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ sùkúù ló pọ̀ jù nínú àwọn tó tètè gbọ́ tí wọ́n sì sọ. Ọmọ tó ń bẹ̀rù pé wọ́n á gbé ọ̀rẹ́ òun jù sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá ò ní sọ.

Ní sùkúù àwọn ọmọ wa, PTA ní kí òbí kọ̀ọ̀kan dáwó pẹtiróòlù àti oúnjẹ ọlọ́pàá méjì. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn kíláàsì JS. Fẹ́ǹsì ti wó, búlọ́ọ̀kù ti fọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ń gbabẹ̀ lọ ra àwàrà, ọlọ́kadà ń gbabẹ̀ kọjá bí ọ̀nà ọjà. Kánsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ẹni tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, ló wà fún gbogbo sùkúù, wọ́n tún ní kó máa kọ́ Civic. Owó tí a fẹ́ dá yẹn á mọ fẹ́ǹsì, á sì ṣẹ́kù tí a ó fi gba tísà Civic kan, kí kánsẹ́lọ̀ lè ráyè jókòó gbọ́ tàwọn ọmọ.

Àwọn kan á ní ṣé ká lé ọlọ́pàá lọ pátápátá ni. Rárá o. Wọ́n ti kó sójà kúrò nílùú Dapchi ní Yobe kí àwọn agbébọn tó wá kó ọmọbìnrin 110 ní sùkúù ibẹ̀ ní 19 February 2018, nítorí náà agbófinró gbọ́dọ̀ wà ní tòsí, kó máa yí àdúgbò ká, kó sì lè tètè dé. Tí DPO bá wá bá wa ṣe mítìn, ohun tí màá bi í ni pé tí máígádì bá rí ọ̀kadà mẹ́wàá lẹ́yìn fẹ́ǹsì láago méjì òru, nọ́ńbà wo ni kó pè, ta ló máa gbé e, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa fi dé, ṣé wọ́n sì ti dán an wò rí.