Bílíkísù Ṣùngbọ́ kì í ṣe ayaba Ṣébà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó máa bínú ti bínú: obìnrin tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Èrì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, kì í ṣe ayaba Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín pé òun ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún èmi náà nìyẹn.

Ọdún nìkan ti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ìgbà Sólómọ́nì tó nǹkan bí 950 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Ohun tí a fi mọ Ṣùngbọ́ ni Èrèdò, odi àti yàrà tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Àwọn awalẹ̀pìtàn kan sọ pé láàárín ọdún 800 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Jésù ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí fà á wá sí ìparí ọ̀rúndún 14. Èyí tí ẹ bá mú nínú méjèèjì, ó lé ní 1,500 ọdún tó wà láàárín obìnrin méjì yìí. Mi ò tíì dé orí ìbákasíẹ tí Bíbélì ní ó ru tùràrí lọ sí Jerúsálẹ́mù o. Ìbákasíẹ, nínú igbó Ìjẹ̀bú, nínú ẹrọ̀fọ̀!

Orúkọ Bílíkísù ńkọ́? Bíbélì kò dárúkọ ayaba náà. Kùránì, nínú Súrà An-Naml, kò dárúkọ rẹ̀ bákan náà. Àwọn tó túmọ̀ Kùránì ló pè é ní Bilqis, ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló sì gbé orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Lójú tèmi, àwọn àfáà gbọ́ ìtàn obìnrin olówó kan, wọ́n rántí ti inú tàfúsírì, ìyẹn àlàyé Kùránì, wọ́n fi yẹ́ ẹ sí. Kò burú. Oríkì ni. Ìgbà tí a sọ oríkì di ìwé ìrìnnà ló bàjẹ́.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ ní àgbègbè yẹn, opó olówó ni Ṣùngbọ́, kò sì bímọ. Kí orúkọ òun má baà parẹ́, ló bá ní kí wọ́n gbẹ́ Èrèdò. Ó tó 160 kìlómítà, ó gùn ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi ń lọ sí 20 mítà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sí katakata. Mi ò sọ pé òun nìkan ló pàṣẹ gbogbo rẹ̀. Odi tó tóbi tó yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ìran púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ "àgàn" ṣe wúwo tó nílẹ̀ wa. Ẹni tí wọ́n ì bá gbàgbé ni ìran-ìran fi odi yìí rántí. A wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a gbé e fún àlejò, bíi pé obìnrin Ìjẹ̀bú kò lè ronú kàn án. Nígbà tí ìròyìn Èrèdò kárí ayé lọ́dún 1999, Ṣébà náà ni wọ́n gbé sójú.

Ní ibojì yẹn, èèwọ̀ ni kí obìnrin wọlé. Obìnrin ló sùn síbẹ̀ o.