Nọ́ọ̀sì Mélòó Ló Wà Nínú 54?

Lẹ́yìn ìkọlù tí àwọn agbésùnmọ̀mí ṣe sí àwọn sójà wa ní àríwá Benin lọ́jọ́ 17 oṣù kẹrin 2025, sójà 8 ni wọ́n kọ́kọ́ ní ó kú. Ó di ọjọ́ kẹfà kí agbẹnusọ ìjọba tó ní 54 ni. A gbà. Ṣùgbọ́n àwa ní Kétu níbí ṣì di ìbéèrè wa àtẹ̀yìnwá mú: nínú 54 yẹn, nọ́ọ̀sì mélòó ni?

Bí ọta bá já iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá itan, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lè tó láti pa ènìyàn. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn ni nọ́ọ̀sì ológun gbọ́dọ̀ rá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ṣì sá pamọ́. Yóò so gàró, ìgbànú tó ní igi kékeré tí wọ́n fi ń fún un le kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sókè ọgbẹ́, kò gbọdọ̀ bọ́ sórí orúnkún. Yóò lọ́ igi rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá, kó tó kọ aago tó so ó. Tí kò bá le tó, ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sọ́kàn nìkan ló máa dí. Èyí tó ń ti ọkàn bọ̀ á ṣì máa tú jáde, ọgbẹ́ á sì burú ju bó ṣe wà lọ. Tó bá ti ju wákàtí méjì, ẹsẹ̀ náà wà nínú ewu. Ẹ sì rántí pé láti Kandi ní àríwá dé ilé ìwòsàn ńlá ní Parakou lé ní 200 kìlómítà.

Àdéhùn Geneva ti 1949 ní kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn lu olùtọ́jú ọgbẹ́. Àwọn tó ń kọlù wá kò ka àdéhùn sí. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣubú, báàgì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i?

Ìjọba á ní àṣírí ogun ni. Àṣírí wo? Ẹni tó pa á mọ ẹni tó pa. Ìyá tó bí i ni wọ́n ń fi pamọ́ fún! Ó ti sú wa.

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ kéde iye nọ́ọ̀sì tó kú. Ẹ fún sójà kọ̀ọ̀kan ní gàró tirẹ̀, kó wà láyà rẹ̀ níbi tí ọwọ́ méjèèjì lè tó, kí wọ́n sì máa fi dánra wò nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ẹ gbé ẹ̀rọ amúǹkantutù àti jẹnẹrétọ̀ sún mọ́ ojú ogun, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí aláìsàn lára kò gbọdọ̀ gbóná ju 6 digírì lọ níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Kí ẹ sì fi ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ máa parí sí ojútáyé.